Àmì Abẹ́ Ṣ

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi jẹ́ ẹsẹ̀ fún ìwé.
Ìwé ò lè dá rìn, èmi ni mo ń bá a rìn:
láti èbúté Kútọnu wá sí Kétu,
láti Kétu lọ sí bodè Ìlárá,
fáìlì nínú ọ̀rá, ọ̀rá nínú ẹ̀wù,
ẹ̀wù lórí alùpùpù nínú òjò.

Ọ́fíìsì mẹ́jọ, òǹtẹ̀ mẹ́jọ.
Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Ta ló kàn?"
Ẹni kejì á ní ọ̀gá òun lọ jẹun.
Ẹni kẹta á ka ohun tí ẹni kejì ti kà,
á tún un kọ sínú ìwé tirẹ̀,
á ṣi nọ́ńbà kan kọ,
èmi á sì padà sí Kútọnu nítorí nọ́ńbà kan.

Mo rántí ọkọ̀ ẹja dídì Ìyá Mọ́radékẹ́.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dúró ní Ìlárá.
Yìnyín yọ́, omi ń kán sí títì,
àwọn ológbò ìlú tò lọ́wọ̀ọ́wọ́
bí ẹni ń retí owó oṣù.
Ní ọjọ́ kẹwàá ìwé pé.
Òórùn la lu òǹtẹ̀.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan ti Àjàṣẹ́ dé,
Àṣàbí, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún,
ó gbé kọ̀ǹpútà sẹ́yìn bí ẹni pọnmọ.
Ó ní, "Bàbá, gbàgede kan là ń kọ́.
Kò ní ògiri, kò ní àga ìdúró.
Èbúté á wò ó, aṣọ́bodè á wò ó,
báńkì, onímọ́tò, ẹni tó lẹrù.
Ìwé kan ṣoṣo, gbogbo ojú lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo ní, "Àwọn baba wa kọ́ Àkábà,
ìlẹ̀kùn níwájú, ìlẹ̀kùn lẹ́yìn,
kí ẹnikẹ́ni má baà já wọ Kétu lójijì.
Ìwọ wá ń kọ́ èyí tí kò ní ìlẹ̀kùn rárá."
Ó rẹ́rìn-ín.
N ò sọ fún un pé orí àwo oúnjẹ mi
ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lé.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ó dá ẹrù mọ́kànlélógójì dúró.
Kì í ṣe jìbìtì. Kì í ṣe owó orí ẹrù.
Orúkọ ni.
Ní Kútọnu wọ́n kọ Ogounchola,
ní Ìlárá ti òdìkejì wọ́n kọ Ògúnṣọlá.
Ẹ̀rọ ní ènìyàn méjì ni:
ọ̀kan sanwó, èkejì fẹ́ gbẹrù ẹlẹ́rù lọ.
Ògúnṣọlá dúró níbẹ̀, ó ń làágùn,
ó ń fọwọ́ lu àyà, "Èmi náà ni! Èmi kan náà ni!"
Ẹ̀rọ ò mọ àyà.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.
Mo jókòó ti Àṣàbí di aago mẹ́ta òru,
mò ń pe orúkọ, ó ń tẹ̀ ẹ́.
Chitou ni Ṣítù.
Adéchokan, Adéṣọ̀kan ni.
Olouchègoun kì í ṣe àlejò, Olúṣẹ́gun wa ni:
lẹ́tà méjì ni Faransé fi ń ru
ohun tí àmì kékeré kan ń dá rù lábẹ́ S.
Mo pe òkú tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ ṣòwò.
Mo pe àwọn ìbejì kan tí wọ́n jọ ń lo káàdì kan;
ìyẹn, mo ní kó fi í sílẹ̀,
kí aṣọ́bodè náà rí nǹkan ṣe.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, ó bi mí,
"Tiyín ńkọ́, Bàbá?"
Changotoyé, mo ní. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé ìbí.
Ó tẹ Ṣàngótóyè.
N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí láyé mi,
àmì yẹn lábẹ́ rẹ̀
bí ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ ẹja kan gba Ìlárá kọjá lánàá,
kò tó wákàtí méjì.
Ẹ̀kán omi kan ò kán sí títì.
Àwọn ológbò dúró, wọ́n ń wo ọ̀nà.
Èmi náà dúró díẹ̀.